Amọ̀ Ìyá Mi Ló Wà Nínú Dáàmù Yẹn

Mi ò fẹ́ràn adágún yẹn, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ títí wọn yóò fi gbé mi sin. Àwọn ọmọ mi a máa sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ gba atẹ́gùn létí dáàmù." Atẹ́gùn wo? Ṣé atẹ́gùn kì í fẹ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni? Kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n jókòó lábẹ́ agbòòrùn, kí wọ́n mu ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n ya fọ́tò tó bá wù wọ́n. Èmi ò bá wọn lọ rí. Bí mọ́tò bá gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, apá kejì ni mo máa ń kọjú sí.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Kì í tún ṣe amọ̀kòkò lásán, òun ni Ìyá Ebu, olórí gbogbo obìnrin tó ń mọ ìkòkò nísàlẹ̀ ìlú wa, lẹ́yìn Ṣakí lọ́hùn-ún. Ebu ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ wọn, àgbàlá gbayawu kan tó ní igi igbá méjì, èyí tí a fi èso rẹ̀ ń ṣe irú, tí kò jìnnà sí ilé wa. Ìṣaasùn ọbẹ̀ ni o, àmù omi ni o, àgbádá tí wọ́n fi ń yan gàrí ni o, kò sí èyí tí ọwọ́ ìyá mi kò lè mọ. Bí wọ́n bá sun ún tán, tó ṣì gbóná, wọn a wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo igbá sè sí i lára, a sì máa dán. Wọ́n ń kó o lọ sí Ìgbòho, wọ́n ń kó o dé Ìgbẹ́tì. Ẹnu ìyá mi kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ lọ béèrè wò. Àmù tèmi kì í jò."

Amọ̀ yẹn ni àṣírí rẹ̀. Lápá òkè odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ni wọ́n ti ń wà á, amọ̀ dúdú tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ó sì ní òfin. A kì í wọ bàtà débẹ̀, a kì í jà níbẹ̀. Ẹni tó bá wa amọ̀ tán gbọ́dọ̀ kó yanrìn dí ihò rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì dá koríko padà bò ó bíi pé ẹnikẹ́ni ò débẹ̀ rí. Ìyá mi ní ilẹ̀ tí a bá fi ihò sílẹ̀ lára rẹ̀ kì í dárí jini. Obìnrin tó bá gbàgbé, wọn a lé e kúrò ní ebu fún odidi oṣù kan.

Ó kù díẹ̀ kí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni wọ́n wá ní àwọn fẹ́ sé odò náà. Kì í ṣe kọnkéré ni wọ́n fẹ́ fi sé e, erùpẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó jọ gègèrè, kí omi lè dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnjiníà kan wá ń rìn káàkiri, ó ń bu ilẹ̀ wò níbí, ó ń bu ilẹ̀ wò lọ́hùn-ún, ó ń wá èyí tí kì í jẹ́ kí omi kọjá. Ìyá mi ló pè é. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ìyá mi fúnra rẹ̀ ló pè é. Ó gbẹ́ kòtò bí abọ́ sínú yanrìn lójú rẹ̀, ó fi amọ̀ dúdú rẹ́ inú rẹ̀ yíká, ó bu omi sí i, ó ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tó padà wá, omi ṣì wà níbẹ̀, kò dín. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, "Mo wí fún ọ, àbí n ò wí fún ọ?" Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Lọ́sẹ̀ kejì, katapílà dé. Gbogbo amọ̀ yẹn ni wọ́n há kúrò nílẹ̀, wọ́n kó o sínú ògiri dáàmù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ki, wọ́n da erùpẹ̀ pupa bò ó, wọ́n gbin koríko sí i. Àwọn obìnrin ebu ń pariwo, wọ́n ń ju gèlè mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wa katapílà ò tilẹ̀ wo ojú wọn. Èyí tó ṣẹ́kù nílẹ̀, nígbà tí odò kún, omi bò ó. Ó parí. Amọ̀ tó ṣẹ́kù ní gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa, inú ògiri yẹn ló wà.

Ìgbà yẹn gan-an ni èmi rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì dáàmù. Mo ti kọ́ taípù ní Ṣakí, wọ́n sì ń wá ẹni tó lè tẹ lẹ́tà. Ìyá mi ò bá mi jà. Ó kàn sọ lójú gbogbo ilé pé, "Ìjọba kó amọ̀ mi, ó rí i pé kò tó, ó tún kó ọmọ mi." Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Ìjọba, ẹ káàbọ̀." Ó máa ń dùn mí dé egungun.

Ó gbìyànjú amọ̀ mìíràn. Ó rìn dé ẹ̀bá òkè, ó wa èyí tó rí. Yanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó o sínú iná, ẹ óò máa gbọ́ pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, ìkòkò ń bẹ́. Èyí tí kò bẹ́ ń jò. Àwọn oníbàárà Ìgbòho dá àmù padà fún un, wọ́n ní kó máa bínú, rọ́bà ni àwọn ń rà báyìí. Ìyá mi, tó ń fi ẹnu gbéraga ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀! Ó wá di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi igbá láti òwúrọ̀, tó ń fi àtàǹpàkò ra ìka ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń lo amọ̀. Nígbà tí mo bá rí ìka wọ̀nyẹn, mo máa ń bínú sí dáàmù, mo máa ń bínú sí ẹnjiníà, mo tún máa ń bínú sí òun tó pè é.

Wọ́n wá gbé ọ̀gá tuntun kan wá láti Ìbàdàn. Omi mímu kọ́ ni tirẹ̀, fàájì ni. Ó ní ibi ìgbafẹ́ ni òun fẹ́ fi adágún náà ṣe. Ó fi wáyà yí i ká. Ó kó agbòòrùn aláràbarà wá, ó gbé ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan wá tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ní kí obìnrin kankan má pọn omi níbẹ̀ mọ́, kó má fọṣọ, kó má fi ẹsẹ̀ kan án. Nígbà tí àwọn obìnrin ebu lọ bá a pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ó na ara lórí àga, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀yin ìyá mi. Ìkòkò tó máa jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná." Ìyá mi dé ilé, ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ àná ń kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ìkòkò."

Ọ̀kan ṣoṣo tó ní ojú àánú níbẹ̀ ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ògiri dáàmù. Ọmọ àdúgbò wa ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Bí ó bá fẹ́ lé àwọn obìnrin kúrò nídìí wáyà, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. "Ẹ dákun, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá kọjá níwájú ilé, á ní kó wá mu omi.

Ọdún kejì tí ọ̀gá dé, ó pè mí. Aláṣẹ ńlá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lẹ́yìn òjò láti wá ṣí ibi ìgbafẹ́ náà, ó sì fẹ́ ìkòkò ìbílẹ̀ tí yóò fi gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ omi. Ó ní òun gbọ́ pé ìyá mi ń mọ ọ́n. Ó ní kí ó dá ihò sí ìdí ìkọ̀ọ̀kan kí omi lè máa jò jáde.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún ìyá mi. Ó wò mí títí.

"Ìkòkò tó lu nídìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi? Kí n fọwọ́ ara mi mọ ìkòkò, kí n tún fọwọ́ ara mi lu ú?"

"Òdòdó ni wọ́n fẹ́ gbìn sí i."

"Ṣé òdòdó ò mọ ilẹ̀ mọ́ ni?"

Mo ti dìde tán kí n máa lọ, mo mọ̀ pé ó ti kọ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé mo gbọ́. N ó ṣe é." Kí ló dé tí mi ò bi í pé amọ̀ wo ló fẹ́ fi mọ ọ́n? Inú mi dùn jù, ohun tí kò jẹ́ kí n béèrè nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo yà sí ebu, mo rí amọ̀ nílẹ̀, ó ga tó orúnkún. Amọ̀ dúdú, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn obìnrin ń wo ẹnu mi. Ìyá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ń lọ yí ìkòkò ká, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fi ọwọ́ ra á, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ìyàwó. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo bá tèmi lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń lọ wà á lára ògiri dáàmù, nígbà tí ọ̀gá bá ti gba Ìbàdàn lọ, tí ọlọ́dẹ bá wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Nígbà tí mo rí ìkòkò òdòdó náà tí wọ́n tò ó létí omi, tó ń dán, mo fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu. Amọ̀ ara dáàmù ni wọ́n fi ń ṣe dáàmù lọ́ṣọ̀ọ́. Mo rò pé a ti gbẹ̀san.

Òjò wá rọ̀ lọ́dún yẹn bí ẹni pé ẹnì kan ló bẹ̀ ẹ́. Adágún kún dé ètè. Ibì kan lẹ́sẹ̀ dáàmù bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó di ẹrẹ̀, ó di ìsun. Ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ rí i, ó sáré wá sọ. Ọ̀gá ní òkẹ́té ló ń gbẹ́ ihò síbẹ̀, ó bú ọlọ́dẹ pé ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó lọ máa wá òkẹ́té. Ọmọ ọlọ́mọ gbé ọkọ́, ó wá òkẹ́té fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, omi tó ń jáde yí padà, ó pọ́n. Ẹnjiníà ọjọ́sí yẹn dé láti Ìbàdàn, ó ṣí páìpù ìsàlẹ̀ kí adágún lè fà díẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú mi: bí omi tó ń jò bá mọ́, kò tíì burú, bó bá pọ́n, dáàmù ló ń jẹ ara rẹ̀ láti inú wá. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ihò wà kí òjò ńlá mìíràn tó dé. Ó wo ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Koríko tútù yọ̀yọ̀ ló bo gbogbo rẹ̀.

Mo sáré lọ sí ebu. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. "Màmá, níbo lẹ ti wa amọ̀?"

"Apá gbígbẹ la ti wà á. A ò fọwọ́ kan apá omi."

"Ẹ wá fi hàn wọ́n."

"A ti dí i. Bí a ṣe ń dí i láti ayé ìyá mi ni a ṣe dí i. Yanrìn la kó sí i, a tẹ̀ ẹ́, a dá koríko rẹ̀ padà."

"Yanrìn! Háà, Màmá! Ṣebí omi máa ń gba inú yanrìn kọjá? Omi ti rí ọ̀nà. Bó bá ya, ebu yìí ló máa kọ́kọ́ gbé, ilé wa ló tẹ̀ lé e."

Ó tún ki ọwọ́ bọ inú amọ̀. Ó ní, "Bí mo bá fi hàn wọ́n, òkúta ni wọn ó tò lé e lórí. Kí ni n ó wá máa fi ọwọ́ mi ṣe? Sọ fún mi, akọ̀wé. Kí ni n ó fi ọwọ́ yìí ṣe títí tí n ó fi kú?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá Ìgbòho. Mo dìde, mo padà sí ọ́fíìsì, mo sọ fún ọ̀gá.

Mo rò pé ẹnjiníà nìkan ni yóò wá, pé wọn yóò fi pẹ̀lẹ́ bi í. Ọ̀gá kó ọlọ́pàá méjì wá. Wọ́n wọ ebu tàwọn ti bàtà. Wọ́n gba àárín ìkòkò tútù kọjá, ọ̀kan tẹ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ mọ́lẹ̀, kò sì wẹ̀yìn. Ọ̀gá na ìka sí ìyá mi lójú, ó ń pè é ní olè. Olè! Ìyá mi, tó fi àmù rẹ̀ fún ìlú mu omi fún ogójì ọdún! Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo ń sápamọ́ kó má rí mi. Ìyá mi nu ọwọ́ sí ìdí ìró rẹ̀, ó dìde, ó tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀ lásán.

Nídìí dáàmù, kò ṣe wọ́n ní wàhálà. Ó gun ògiri náà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ibi márùn-ún. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá yanrìn tútù níbẹ̀, tó ń rọ bí ẹ̀kọ. Ẹnjiníà ní amọ̀ gidi ló lè dí i, kíá, kí ọjọ́ tó lọ. Ọ̀gá ní òun yóò ránṣẹ́ pe lọ́ríì. Ẹnjiníà ní kí lọ́ríì tó dé, dáàmù á ti ya. Ni wọ́n bá ń wo ara wọn.

Ìyá mi wo omi pípọ́n yẹn. Ó wo àwọn òrùlé wa nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í. Ó ní, "Amọ̀ wà."

Gbogbo ohun tó kù ní ebu ni wọ́n rù wá lórí, obìnrin mọ́kànlá. Kò tó. Ìyá mi ní kí wọ́n kó àwọn ìkòkò tí wọn ò tíì sun wá, àmù, ìṣaasùn, gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ wọn, ó da omi sí wọn, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ wọ inú ihò, òjò ń pa wọ́n, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Mo ń sunkún, òjò ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbà tó yá, omi tó ń jáde bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ó wá kéré, ó dáwọ́ dúró. Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi nínú ẹrẹ̀. Ọ̀gá lọ wá ibi tí yóò ti fọ bàtà rẹ̀.

Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti to òkúta sí gbogbo ògiri náà, wọ́n rẹ́ kọnkéré sí àlàfo rẹ̀. Aláṣẹ wá, ó gun ọkọ̀ ojú omi, ó yìn ọ̀gá. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí ebu. Igi igbá nìkan ló kù níbẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n to òkúta ni ìyá mi pè mí sí ìyẹ̀wù. Ó ní, "Ta ló lọ sọ fún wọn?"

Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Èpè ìyá bà mí lẹ́rù, ojú rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Àgbà obìnrin ni mí nígbà náà, mo ti bímọ méjì. Mo ní, "Ọlọ́dẹ ni. Ó rí yín lọ́jọ́ kan."

Ó mi orí.

Ọdún mẹ́jọ ló tún lò láyé, kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́, kò sì dáhùn ìkíni ọlọ́dẹ yẹn mọ́. Ní àràárọ̀ ni ọmọ náà ń dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé wa, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ebu." Ìyá mi a yí ojú sí ògiri. Ọmọ náà kọ́kọ́ rò pé nítorí bí òun ṣe ń lé wọn nídìí wáyà ni. Ní Iléyá, ó gbé ẹran wá; ìyá mi ní, "Gbé e padà fún un." Èmi ni mo gbé e padà. Iléyá mẹ́jọ, èmi ni mò ń gbé e padà. Ọjọ́ kan wà tó bi mí lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún, "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí ni mo ṣe?" Mo ní, "O ṣáà mọ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe." Mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyá mi kú, ọlọ́dẹ yẹn wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè. Nígbà tí wọ́n kírun sí i lára tán, àlùfáà ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó ní ẹnikẹ́ni tí ìyá yìí bá ṣẹ̀, kó dárí jì í lójú gbogbo ènìyàn kí a tó bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́dẹ ló jáde láàárín èrò, iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbùnwọ́. Ó ní, "Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ti dárí jì wọ́n o. Kí Ọlọ́run náà dárí jì wọ́n."

Gbogbo ènìyàn ní àmín. Èmi náà ní àmín.